Ẹni Tó Kù Nígbèkùn

Bí ẹ bá dé Ìṣíkàn ní Àkúrẹ́, tí ẹ béèrè ilé Tíṣà Yorùbá, wọn ò ní bi yín pé tíṣà wo. Bísọ́dún Akínsànyà lorúkọ rẹ̀. Ọmọ Oǹdó ni, ṣùgbọ́n Àkúrẹ́ ló ti ṣiṣẹ́ olùkọ́ títí ó fi fẹ̀yìn tì, ibẹ̀ náà ló ti rí Monílọ́lá ìyàwó rẹ̀, ibẹ̀ náà ló kọ́lé sí. Èèyàn dáadáa ni, àmọ́ ẹnu rẹ̀ kì í gbé jẹ́ẹ́. Ẹni tó bá sọ Yorùbá gbágungbàgun létí rẹ̀, ì báà ṣe àlejò, ì báà ṣe àna rẹ̀, Tíṣà á tún un sọ fún un kó tó kúrò níwájú òun. Bí wọ́n bá ń ṣi orúkọ èèyàn pè ní ìsọ̀ ẹ̀gbẹ́ ilé wọn, Tíṣà á yọrí lójú fèrèsé, á ní kí wọ́n tún un pè. Àwọn ará àdúgbò ti mọ̀ ọ́n bẹ́ẹ̀, wọ́n sì ti fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Nínú gbogbo ọ̀rọ̀ tí Tíṣà ń ṣọ́, ọ̀kan wà tí kì í fi ṣeré rárá. Ìgbèkùn ni. Akẹ́kọ̀ọ́ á kọ ọ́ sínú àròkọ pé olùkọ́ ìṣirò kó àwọn nígbèkùn títí agogo fi lù, bírò pupa Tíṣà á sì fa ìlà gbọ̀ọ̀rọ̀ sídìí rẹ̀. Ẹnìkan á dìde jẹ́rìí ní ṣọ́ọ̀ṣì pé ibà kó òun nígbèkùn, Tíṣà á pòṣé lórí ìjókòó, ìyàwó rẹ̀ á fi ìgbọ̀nwọ́ gún un pé kó panu mọ́.

Ní kíláàsì, á kọ ọ̀rọ̀ náà sójú pátákó, á gbọn ẹfun kúrò lọ́wọ́, á wá bẹ̀rẹ̀. "Ẹlẹ́wọ̀n mọ ọjọ́ tó máa jáde, adájọ́ ti sọ ọ́ fún un. Ìwọ̀fà mọ ohun tó ń ṣiṣẹ́ sìn. Ẹrú, wọ́n ti rà á, ó ti di ti olówó rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tí wọ́n kó nígbèkùn kò tíì di ti ẹni tó kó o. Ti ilé rẹ̀ ló ṣì jẹ́. Àwọn kan wà nílé tí wọ́n ń wo ọ̀nà. Ọjọ́ tí kò bá sí ẹni tó ń wo ọ̀nà rẹ̀ mọ́, ẹ má pè é nígbèkùn mọ́. Ẹrú ló kù yẹn." Àwọn ọmọ á kọ ọ́ sílẹ̀, wọ́n á fi ṣe ìdánwò, wọ́n á gbàgbé. Òun náà á pa pátákó rẹ́, á lọ jẹun ọ̀sán. Ọ̀rọ̀ tí kò kan ènìyàn máa ń dùn ún sọ.

Nígbà tó fẹ̀yìn tì, ó ra oko kòkó kan sí Ìpogun, ó gbin ọ̀gẹ̀dẹ̀ sáàárín rẹ̀, ó gba òṣìṣẹ́ kan. Àgàtú ni gbogbo ènìyàn ń pe ọkùnrin náà. Ní ìhà ibẹ̀ yẹn, bí alágbàṣe bá ti ti apá Bẹ́núè wá, ó ti di Àgàtú nìyẹn, ẹnikẹ́ni kì í tún bi í ní nǹkan míì. Àgàtú, gbé ọ̀gẹ̀dẹ̀ yìí. Àgàtú, o ti jẹun? Ká má purọ́, wọn ò fìyà jẹ ẹ́. Monílọ́lá ń fi oúnjẹ ránṣẹ́ sí i nínú kúlà, bọ́dún bá dé wọ́n ń fún un ní ìrẹsì àti aṣọ. Ọ̀pọ̀ ọdún ló fi bá wọn ṣiṣẹ́ bẹ́ẹ̀. Orúkọ rẹ̀ nìkan ni ẹnikẹ́ni ò béèrè, tó fi mọ́ Tíṣà tó máa ń túmọ̀ orúkọ gbogbo ọmọ tó bá kọ́ fún wọn.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kan, ọyẹ́ ṣì mú, àwọn méjèèjì ń bẹ́ ọ̀gẹ̀dẹ̀ lọ́wọ́ nígbà tí àwọn ajínigbé jáde láti abẹ́ kòkó pẹ̀lú ìbọn. Wọ́n ní kí wọ́n dọ̀bálẹ̀, wọ́n dọ̀bálẹ̀. Wọ́n ní kí wọ́n dìde, wọ́n dìde. Okùn kan náà ni wọ́n fi so wọ́n pọ̀, ọwọ́ òsì Tíṣà mọ́ ọwọ́ ọ̀tún Àgàtú, wọ́n sì dà wọ́n wọ igbó lọ. Orúnkún Tíṣà kò dáa láti ọjọ́ pípẹ́. Ibi tí wọ́n ti la odò kan kọjá, bàtà rẹ̀ bọ́ sínú ẹrẹ̀, Àgàtú ló sì pọ̀n ọ́n lẹ́yìn, pẹ̀lú okùn lọ́wọ́ àwọn méjèèjì. Ẹni tó ti kọ́ ìdajì àwọn ọ̀gá ìjọba nílùú, ẹ̀yìn alágbàṣe ló fi gorí òkè odò.

Wọ́n jókòó sídìí igi kan fún ọjọ́ pípẹ́. Ìtàkùn àti èèrà ni wọ́n jọ ń bá fà á. Ní ọjọ́ kan, Àgàtú bi í léèrè, ó ní, "Ọ̀gá, irú eléyìí tá a wà yìí, kí lẹ ń pè é ní Yorùbá yín?"

Kí Tíṣà tó rò ó, ẹnu rẹ̀ ti sọ ọ́. Ìgbèkùn. Ó sì ṣàlàyé rẹ̀ bó ṣe máa ń ṣàlàyé rẹ̀, ẹlẹ́wọ̀n, ìwọ̀fà, ẹrú, títí dórí àwọn tó wà nílé tí wọ́n ń wo ọ̀nà. Ìgbà tó débẹ̀ ló tó gbọ́ ohun tí òun ń sọ.

Àgàtú gbọn èèrà kúrò lẹ́sẹ̀. Ó ní, "Àwọn èèyàn tèmi wà ní Òtúkpó. Wọn ò mọ̀ pé mo wà níbí. Ìyàwó mi wà ní Ìpogun, kò mọ ẹnì kankan. Ta ló ń wo ọ̀nà tèmi?"

"Àwọn tó ń wo ọ̀nà tèmi náà ni," Tíṣà dáhùn. "Èèyàn mi lèèyàn rẹ."

"Ẹ mọ orúkọ mi, Ọ̀gá?"

Ojú ti Tíṣà. Ká sọ ọ́ bó ṣe rí, ojú tì í ju ìgbà tí wọ́n ní kó dọ̀bálẹ̀ lọ. Ọkùnrin náà ò bínú, ó tiẹ̀ rẹ́rìn-ín díẹ̀. Ó ní Ọ̀chẹ́ lorúkọ òun, Ọ̀chẹ́ Adóyì, òun kì í sì í ṣe Àgàtú rárá, ìlú àwọn Àgàtú yàtọ̀ sí tàwọn. Tíṣà pè é, kò pè é dáadáa. Ọ̀chẹ́ tún un pè fún un. Tíṣà tún un pè títí tó fi já gaara lẹ́nu rẹ̀, bí ìgbà tí àwọn ọmọ kíláàsì rẹ̀ ń kọ́ ohùn òkè àti ohùn ìsàlẹ̀.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ tí wọ́n dá Tíṣà sílẹ̀, ẹnìkan wá gé okùn náà láàárín. Tíṣà dìde, Ọ̀chẹ́ náà dìde. Wọ́n fi ìdí ìbọn ti Ọ̀chẹ́ padà sílẹ̀. Tíṣà ní àwọn méjèèjì ni, ẹni tó mú ìbọn ní, "Ìwọ nìkan ni wọ́n sọ." Ó sì fa Tíṣà lápá. Ọ̀chẹ́ rí i pé ẹsẹ̀ Tíṣà wà lásán, ó bọ́ sílípáàsì rọ́bà tó wà lẹ́sẹ̀ ara rẹ̀, ó jù ú sí i. Ó ní, "Ọ̀gá, ẹ sọ fún wọn nílé." Ohun tó sọ kò ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Ilé kún ní Ìṣíkàn lọ́jọ́ tí Tíṣà dé. Àwọn kan ń kọrin, àwọn kan ń sunkún, Monílọ́lá dì mọ́ ọn bí ẹni pé wọ́n tún fẹ́ gbà á lọ. Ohun àkọ́kọ́ tó ti ẹnu Tíṣà jáde ni, "Ọ̀chẹ́ ńkọ́? Kí lẹ ti ṣe sọ́rọ̀ Ọ̀chẹ́?"

"Bàbá Oyè, ta ni Ọ̀chẹ́?" Monílọ́lá bi ọkọ rẹ̀.

"Àgàtú."

Monílọ́lá wo ilẹ̀. Ó ní, "Májẹ́kódùnmí ló ń bá wọn sọ̀rọ̀ lórí fóònù. Òun ni kẹ́ ẹ bi."

Àbúrò Tíṣà ni Májẹ́kódùnmí. Oǹdó ló ń gbé, pákó ló ń tà, òun sì ni wọ́dìn ní ṣọ́ọ̀ṣì ìdílé wọn. Ó dé ní ọjọ́ kejì pẹ̀lú inú dídùn, ó ti ń sọ̀rọ̀ ìdúpẹ́: ọjọ́ ìsinmi tí wọn yóò ṣe é, àwọn tí yóò lu ìlù, aṣọ tí ìdílé yóò wọ̀. Tíṣà jẹ́ kó sọ ọ́ tán, ó wá bi í ní ìbéèrè kan ṣoṣo: ẹnì kejì òun nínú igbó ńkọ́?

Májẹ́kódùnmí ò fi pamọ́. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, wọ́n bi mí. Wọ́n ní àwọn méjì ló wà lọ́wọ́ àwọn, ta lẹnì kejì. Mo ní a ò mọ̀ ọ́n."

"O ní a ò mọ̀ ọ́n."

"Bí mo bá ní a mọ̀ ọ́n, ti èèyàn méjì ni wọ́n máa gbà. Tẹ̀yin nìkan, díẹ̀ ló kù kí n ta ilé Bàbá. Ẹ tiẹ̀ sọ fún mi, ta ni ǹ bá ní ó jẹ́? Ṣé ẹnikẹ́ni nínú wa mọ orúkọ ẹ̀ ni?"

Ìbínú wà nínú Tíṣà tó lè fọ́ ilé, ṣùgbọ́n kò mọ ẹni tí òun ì bá sọ ọ́ lù. Májẹ́kódùnmí kì í ṣe èèyàn burúkú. Ó sá sókè sódò nítorí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ títí ojú rẹ̀ fi jìn. Ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti burú gan-an nìyẹn.

Wọ́n jọ pe nọ́ńbà tí àwọn ajínigbé náà fi ń pè. Wọ́n ti pa fóònù náà. Tíṣà gba nọ́ńbà náà sórí fóònù tirẹ̀, ó sì ń pè é láràárọ̀ kó tó fọ ẹnu. Ó lọ sí tèṣán ọlọ́pàá, wọ́n ní àwọn ti gbọ́, wọ́n ń wá a. Wọ́n bi í bóyá mọ̀lẹ́bí rẹ̀ ni. Ó ní bẹ́ẹ̀ ni. Wọ́n wo ojú rẹ̀, wọ́n wo orúkọ tí wọ́n kọ sílẹ̀, wọ́n sì pa ìwé wọn dé.

Ó wá lọ bá ìyàwó Ọ̀chẹ́ ní Ìpogun. Énè lorúkọ rẹ̀, inú ilé kan tí wọn ò tíì kọ́ tán ni wọ́n ń gbé, ó ń sá ẹ̀gẹ́ síwájú ilé. Ẹsẹ̀ Tíṣà ló kọ́kọ́ rí kó tó rí ojú rẹ̀, nítorí sílípáàsì náà ló wọ̀ lọ. Obìnrin náà ò sunkún. Ó dúró, ó ń wo bàtà náà.

"Ẹ̀yin lẹ wá wọ̀ ọ́," ó ní. "Òun wá ń fi ẹsẹ̀ lásán rìn?"

Tíṣà bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó bọ́ ọ, ó fẹ́ gbé e fún un. Obìnrin náà fi ọwọ́ rẹ̀ sẹ́yìn. Ó ní, "Mi ò gbà á lọ́wọ́ yín. Ẹ gbé e fún un fúnra yín nígbà tó bá dé." Ó padà sídìí ẹ̀gẹ́ rẹ̀. Tíṣà tún bàtà náà wọ̀, ó sì gba ọ̀nà ilé pẹ̀lú ìbànújẹ́ tó ju èyí tó gbé wá lọ.

Àṣà kan wà ní ṣọ́ọ̀ṣì wọn ní Oǹdó. Bí ẹni tó ń ka àdúrà ní ọjọ́ ìsinmi bá dé orí àwọn tí a kó nígbèkùn, á dúró. Bí ìdílé kan bá ní ẹni wọn níbẹ̀, wọ́n á pe orúkọ rẹ̀ sókè láti orí ìjókòó wọn, gbogbo ìjọ á sì ní kí Olúwa gbọ́. Ẹbí ló ń pe orúkọ ẹni wọn, ará ìta kì í bá wọn pè é. Ìgbà tí Tíṣà fi wà nínú igbó, Májẹ́kódùnmí ló ń pe orúkọ rẹ̀, àwọn tó gbọ́ ọ ní ohùn rẹ̀ máa ń ya. Bí ẹni náà bá dé, ìdílé á ṣe ìdúpẹ́, ẹni tó ń ka àdúrà kò sì ní dúró níbẹ̀ mọ́.

Ọjọ́ ìdúpẹ́ pé. Ìdílé Akínsànyà wọ aṣọ òkè, wọ́n kún ìjókòó iwájú. Tíṣà wọ agbádá, ó wọ sílípáàsì rọ́bà sábẹ́ rẹ̀. Monílọ́lá ti bẹ̀ ẹ́ láti Àkúrẹ́, kò gbọ́. Bámidélé, ẹni tó máa ń ka àdúrà, dé orí àwọn tí a kó nígbèkùn, ó sì fẹ́ kọjá tààrà nítorí pé ẹni wọn ti dé.

Tíṣà dìde. Ó ní, "Ẹ dúró." Ó pe orúkọ náà pẹ̀lú ohùn tó fi ń kọ́ni: "Ọ̀chẹ́ Adóyì."

Kò sẹ́ni tó dáhùn. Wọn ò mọ orúkọ náà, wọn ò sì mọ ìdílé tó ni ín. Bámidélé ń wo Májẹ́kódùnmí, Májẹ́kódùnmí ń wo ọ̀pá wọ́dìn tó mú lọ́wọ́. Tíṣà tún un pè. Ìyá àgbà kan ló ti ẹ̀yìn ní kí Olúwa gbọ́, àwọn díẹ̀ sì bá a sọ ọ́, wọ́n ń ṣiyèméjì. Nígbà tó tó àkókò ìdúpẹ́, ìlù dún, ìdílé jó lọ síwájú pẹpẹ, Tíṣà bá wọn rìn dé ibẹ̀, kò jó. Ọ̀rọ̀ náà ká Oǹdó kí ọjọ́ tó rọ̀. Àwọn kan ní igbó ti ba orí rẹ̀ jẹ́.

Láti ọjọ́ náà, kò sí ọjọ́ ìsinmi kan tí Tíṣà ò wọ mọ́tò láti Àkúrẹ́ lọ sí Oǹdó. Monílọ́lá bẹ̀ ẹ́, ó ní ṣé ọ̀nà tó gba ẹ̀gbẹ́ igbó àwọn ajínigbé yìí náà ló tún ń fi ara rẹ̀ fún. Tíṣà ní bẹ́ẹ̀ ni. Ẹ̀rù ń bà á o. Bí mọ́tò bá ti wọ ibi tí igbó ti dí, á di irin ìjókòó iwájú rẹ̀ mú títí wọ́n á fi kọjá. Síbẹ̀ á dé, á jókòó, á pe orúkọ náà, ìjọ á dáhùn, á padà sílé. Májẹ́kódùnmí ò bá a sọ ọ́ rí.

Òjò bẹ̀rẹ̀. Kòkó so. Fíkà, àlùfáà ìjọ wọn, wá pè é sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan lẹ́yìn ìsìn, ó rọra sọ ọ́ fún un. Ó ní, "Bàbá, ó ti ń pẹ́. Àwọn ará ìjọ ń sọ̀rọ̀. Ẹni tá ò tiẹ̀ mọ̀ bóyá ó wà láàyè."

"Nígbà tí ẹ̀ ń pe orúkọ tèmi," ni Tíṣà dáhùn, "ẹ mọ̀ bóyá mo wà láàyè?"

Ṣùgbọ́n nínú mọ́tò tó ń gbé e padà sí Àkúrẹ́, ọ̀rọ̀ náà ń jẹ Tíṣà lọ́kàn. Ara òun náà ti ń di ara àgbà. Bí orúnkún yìí bá kọ̀ jálẹ̀ lọ́jọ́ kan, tàbí tí àìsàn dá òun dúró sílé, ta ni yóò pe orúkọ Ọ̀chẹ́? Énè ò mọ Oǹdó. Kò sí ẹlòmíràn. Ọjọ́ tí òun ò bá pè é, kò ní sí ẹni tó ń wo ọ̀nà Ọ̀chẹ́ mọ́ láàárín àwọn tí òun sọ fún un pé èèyàn rẹ̀ ni wọ́n, ọ̀rọ̀ tí òun fi ń ṣe ẹ̀kọ́ fún àwọn ọmọ yóò sì ṣẹ mọ́ ọn lára. Tíṣà fi ojú pamọ́ sára fèrèsé mọ́tò, ó sunkún.

Ní ọjọ́ ìsinmi kan, àwọn sójà dá ọkọ̀ dúró lójú ọ̀nà Oǹdó, wọ́n ní kí gbogbo èrò sọ̀ kalẹ̀, wọ́n ń yẹ ẹrù wò lọ́kọ̀ọ̀kan. Ìgbà tí Tíṣà fi dé ẹnu ọ̀nà ọgbà ṣọ́ọ̀ṣì, ìsìn ti jìnnà. Ó gbọ́ ohùn Bámidélé nínú ẹ̀rọ gbohùngbohùn, ó ti kọjá orí àwọn aláìsàn, ó ti kọjá orí àwọn opó. Tíṣà fẹ́ sáré, orúnkún rẹ̀ ò jẹ́. Sílípáàsì náà tóbi jù fún un, ó ń yọ̀ lẹ́sẹ̀ rẹ̀ lórí òkúta wẹ́wẹ́. Ó gbọ́ ìgbà tí Bámidélé pe àwọn tí a kó nígbèkùn. Ó gbọ́ ìgbà tó dúró.

Ṣọ́ọ̀ṣì pa rọ́rọ́. Tíṣà di ara ògiri mú. Ó fẹ́ kígbe láti ibi tó wà, èémí ò sí. Ó mọ̀ pé Bámidélé ò ní dúró pẹ́.

Ohùn kan ti iwájú wá, ohùn ọkùnrin tó ya díẹ̀.

"Ọ̀ṣẹ́ Adóyì."

Gbogbo ìjọ ní kí Olúwa gbọ́.

Tíṣà ò wọlé. Orí àtẹ̀gùn ló jókòó sí títí ìsìn fi parí, tí àwọn èèyàn bẹ̀rẹ̀ sí í kọjá lára rẹ̀. Májẹ́kódùnmí jáde pẹ̀lú ọ̀pá wọ́dìn lọ́wọ́, ó rí i, ó wá dúró tì í. Kò wo ojú rẹ̀.

"Ẹ pẹ́," ó ní.

"Ọ̀nà ni."

"Ẹ̀yin ò sì sí níbẹ̀. Ẹbí ló sì yẹ kó pè é." Ó gbé ọ̀pá náà láti ọwọ́ kan sí èkejì. "Ṣé mo pè é re, Ẹ̀gbọ́n mi? Ọ̀ṣẹ́ Adóyì?"

Kò pè é re. Tíṣà gbọ́ ọ, ó sì gbé orí sókè wo àbúrò rẹ̀. Ó ní ó pè é re.